Ṣé lóòótọ́ ni òyìnbó gbá 59 ní Ìkòyí?

Arákùnrin kan láti Mòníyà ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kádì, ẹni tó ń ru àpò gọ́ọ̀fù, ni bàbá tó bí mi kí ọlọ́jọ́ tó dé. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé nígbà ọ̀dọ́ àwọn, àwọn ògbóǹtarìgì láti òkè òkun máa ń wá gbá gọ́ọ̀fù gba owó ní Ìkòyí lọ́dọọdún, àti pé ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan gbá 59 níbẹ̀. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ kan níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àlọ́ kádì ni. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló pa ìdíje náà tí ti Kẹ́ńyà ṣì fi wà? Mò ń béèrè nítorí àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ń ru àpò gọ́ọ̀fù báyìí, tó ní pró, ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, lòun máa dà, òun ò lọ sílé ìwé mọ́."

Ọmọ mi, bàbá rẹ kò purọ́. Mo fẹ́ kí èyí kọ́kọ́ fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀, nítorí ó máa ń dùn mí dọ́kàn kí wọ́n máa pe olóògbé ní òpùrọ́ lórí ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí, tàbí tó gbọ́ lẹ́nu ẹni tó wà níbẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta lo bi mí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀kejì, mo rí i pé ìkẹta ló ń gba oorun lójú rẹ. O fẹ́ mọ̀ bóyá ilé tí àbúrò rẹ fẹ́ wọ̀ ní òpó. A ó dé bẹ̀, àmọ́ Ìkòyí la máa gbà kọjá.

Fún ẹni tí kò mọ gọ́ọ̀fù, 59 ni iye ìgbà tí ènìyàn gbá bọ́ọ̀lù kó tó parí ihò méjìdínlógún, ìyẹn ráúndì kan; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Ọdún 1978 ni. Sandy Lyle ni orúkọ ọmọkùnrin náà, ọmọ Scotland, ẹni ogún ọdún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di pró ní ọdún tó ṣáájú. Nínú ìdíje Nigerian Open ní pápá Ikoyi Club, ó gbá 59 ní ráúndì kan. Òun ló gba ife ọdún náà, ife àkọ́kọ́ tó gbà láti ìgbà tó ti di pró sì ni. Láti ibẹ̀ ló ti lọ gba The Open ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985, ó sì gba Masters ní Amẹ́ríkà ní 1988, méjèèjì wà lára ìdíje tó tóbi jù lọ nínú gọ́ọ̀fù. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ní kó lọ wo ìtàn Sandy Lyle, kó wo ìlú tí okùn ìṣẹ́gun rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ìdí tí wọn kò fi gbà ọ́ gbọ́. Bí wọ́n bá tẹ fóònù wọn, ohun tí wọ́n máa rí ni pé Oliver Fisher ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbá 59 nínú European Tour, ọ̀wọ́ ìdíje àwọn pró Yúróòpù, ní Portugal, ní 2018. Òótọ́ lèyí náà, kò sì ta ko ti bàbá rẹ. Àwọn pró Yúróòpù ló ń wá gbá Nigerian Open, ṣùgbọ́n ìdíje náà kò sí lábẹ́ European Tour, nítorí náà ohun tí wọ́n ṣe níbí kò wọ inú ìwé tọ̀ún. Ohun tó ṣọ̀wọ́n gan-an sì ni 59 láyé ìgbà yẹn. Oṣù kẹfà ọdún 1977 ni Al Geiberger gbá tirẹ̀ ní Memphis, òun sì lẹni àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìtàn PGA Tour, ọ̀wọ́ ìdíje àwọn pró Amẹ́ríkà, tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Lyle gbá tirẹ̀ l'Ékòó. Ní Ìbàdàn wa níbí, kò sí ẹni tó ń jiyàn pé Dick Tiger bá Gene Fullmer ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé ní Liberty Stadium ní 1963, nítorí èrò pọ̀ níbẹ̀, ẹni tí kò lọ sì gbọ́ lọ́wọ́ ẹni tó lọ. Gọ́ọ̀fù kì í ní irú èrò bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́, ilé-iṣẹ́ tó fowó sílẹ̀, àti kádì ló máa ń wà níbẹ̀. Kádì ló máa ń sún mọ́ ọn jù, kádì náà sì lẹni tí wọn kì í bi léèrè.

Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró síbí, ìdajì òótọ́ ni mo sọ fún ọ. Ìdajì tó kù wà nínú iyanrìn. Pápá Ìkòyí ìgbà yẹn kò ní koríko ní ojúkò tí ihò wà. Iyanrìn tí wọ́n fi òróró pò ló wà níbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní bráọ́ǹsì. Ọ̀pọ̀ pápá Nàìjíríà ló rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, títí kan èyí tí èmi ti kọ́ṣẹ́. Koríko múlọ́múlọ́ tí gọ́ọ̀fù ń fẹ́ lójú ihò máa ń mu omi bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ó sì ń fẹ́ ẹ̀rọ tí abẹ rẹ̀ mú. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tiwa, pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Iyanrìn olóróró kò béèrè omi. Òróró yẹn ló ń dì í mú tí ọyẹ́ kò fi ní fẹ́ ẹ lọ, tí òjò kò sì ní wọ́ ọ dànù. Bí bọ́ọ̀lù ọ̀gá rẹ bá ti gúnlẹ̀ sí i, ìwọ kádì á gbé irin kan tó ní ọwọ́ gígùn, tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, wàá fà á jẹ́jẹ́ láti ìdí bọ́ọ̀lù dé ẹnu ihò. Gbogbo ipa ẹsẹ̀ á parẹ́, ọ̀nà tóóró kan á sì yọ bí iwájú ilé tí ìyàwó tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Lójú ọ̀nà yẹn ni ọ̀gá máa gbá bọ́ọ̀lù gbà. Kò ní yà sápá ọ̀tún, kò ní yà sí tòsì. Ìwọ̀n agbára nìkan ló kù tó máa rò.

Ẹ̀tàn gọ́ọ̀fù tó ń pa àwọn ọ̀jẹ̀ lẹ́kún ní ìlú òyìnbó wà nínú koríko ojú ihò: ilẹ̀ tó dagun tí ojú kò rí, koríko tó dojú kọ ọ́, bọ́ọ̀lù tó dé ẹnu ihò tó wá yà lọ. Bráọ́ǹsì mú púpọ̀ nínú ìyẹn kúrò. Ìkòyí kò gùn jù, ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé 59 Ìkòyí kò wúwo tó 59 orí koríko, má bá a jà. Ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Sọ fún un ṣá pé orí bráọ́ǹsì kan náà ni gbogbo àwọn yòókù ti gbá ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Sọ fún un pẹ̀lú pé ọwọ́ kádì wà nínú iye yẹn, nítorí bí ẹni tó fa ojú ọ̀nà bá fà á wọ́, bọ́ọ̀lù á wọ́ tẹ̀ lé e. Mo mọ èyí dáadáa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀gá kan tí mo ru àpò fún pàdánù tẹ́tẹ́ ní ihò ìkẹyìn, ó ní èmi ni mo fa ọ̀nà náà wọ́, kò sì san kọ́bọ̀ fún mi. Mo fẹsẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, mi ò gbọ́ iye kékeré kan nínú ìtàn gọ́ọ̀fù Nàìjíríà kí n má bi ara mi pé ta ló fa ọ̀nà.

Lyle nìkan kọ́. Ní 1981, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Tupling, gba Nigerian Open yìí kan náà pẹ̀lú 63, 66, 62 àti 64. Ro ó pọ̀: 255 ni, ìgbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi dín sí iye tí pápá náà ní kí ènìyàn gbá fún ráúndì mẹ́rin. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí iye tó kéré jù lọ lágbàáyé nígbà yẹn. Kí o lè mọ bó ṣe tó, 257 tí Mike Souchak gbá ní Texas ní 1955 ni PGA Tour Amẹ́ríkà ń gbé gẹ̀gẹ̀, wọn kò sì rí ẹni tó gbá ohun tó kéré sí i lọ́dọ̀ wọn títí di 2001.

Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni bàbá rẹ ì bá kọ́kọ́ sọ fún yín, bóyá ó tilẹ̀ sọ ọ́ tí ẹ ti gbàgbé. Ọmọ Nàìjíríà ló gba ife náà. Peter Akakasiaka ni orúkọ rẹ̀. Àwọn òyìnbó wá bí wọ́n ṣe ń wá, wọ́n gbá bí wọ́n ṣe ń gbá, ó sì borí gbogbo wọn. Ìdíje Kẹ́ńyà tí gbogbo ayé ń yìn yìí ti wà láti 1967, títí di òní ọmọ Kẹ́ńyà kankan kò tí ì gbà á. Ẹni tó súnmọ́ ọn jù ni Jacob Okello, tó bá Ricardo González ti Argentina dọ́gba ní 1998, tí wọ́n fi tún un gbá kí González tó jáwé olúborí. Nàìjíríà ti ṣe ohun tí Kẹ́ńyà kò tí ì ṣe, ogójì ọdún ó lé sẹ́yìn, ó sì ń bà mí nínú jẹ́ pé mo lè béèrè orúkọ Akakasiaka lọ́wọ́ ogún ọ̀dọ́ tó ń ru àpò lónìí kí ẹyọ kan má mọ̀ ọ́n.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó ń gbé àwọn òyìnbó wá, nítorí ohun tó gbé wọn wá náà ló kó wọn lọ. Ìgbà òtútù ni. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, pápá wọn lóhùn-ún á dì gbagidi, pró tí kò gbá kò sì ní jẹun. Ìyẹn ló mú kí wọ́n máa wá sí Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí sáà Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀. Nigerian Open bẹ̀rẹ̀ ní 1969, ogun abẹ́lé kò tilẹ̀ tí ì parí. Ó, Kẹ́ńyà, Zambia àti Ivory Coast di ọ̀wọ́ ìdíje tí wọ́n ń pè ní Safari Circuit. Zimbabwe wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tó gba òmìnira. Ẹ̀yìn Zambia kò lè ṣófo, nítorí Ààrẹ Kaunda fẹ́ràn gọ́ọ̀fù débi pé pápá wà nínú ọgbà ilé ìjọba ní Lusaka. Ọ̀dọ́ tí ebi iṣẹ́ ń pa ni àwọn tó ń wá. Seve Ballesteros gba Kenya Open ní 1978, ọdún kan náà tí Lyle gba tiwa. Ian Woosnam gba ti Zambia ní 1985 àti ti Kẹ́ńyà ní 1986 kó tó lọ gba Masters ní 1991. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti gbó.

Ohun tí wọ́n máa ń sọ ní Ìbàdàn níbí ni pé ológun ló pa ìdíje náà. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Rògbòdìyàn 1993 àti bí Commonwealth ṣe lé wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 1995 kò ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìsàn náà ti wọ inú ara ṣáájú. Náírà ló kọ́kọ́ ṣubú. Ní 1980, náírà kan ra ju dọ́là kan lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1986, ìjọba ní kí náírà máa wá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tó fi di 1990, bíi mẹ́jọ lo fi ń ra dọ́là kan. Pọ́n-ùn ni pró tó ń wọ bàlúù láti Lọ́ńdọ̀nù fi ń ṣírò. Owó ẹ̀bùn tó pọ̀ bí òkìtì lójú àwa di owó tí kò tó san bàlúù àti hòtẹ́ẹ̀lì lójú tiwọn. Ìkejì, ilé mìíràn ṣílẹ̀kùn. Ní 1989, Dubai bẹ̀rẹ̀ ìdíje tirẹ̀ nínú aṣálẹ̀, lórí koríko tútù, pẹ̀lú owó epo, nínú ìgbà òtútù yẹn gan-an. Nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kógbá wọlé ní Gúúsù Áfíríkà, ibẹ̀ náà di ibi tí wọ́n ń lọ, oòrùn ń bẹ, pápá ń bẹ. Kí wá ni wọ́n tún fẹ́ wá fi bráọ́ǹsì ṣe?

Ẹ̀kẹta ni mo máa ń ronú lé jù. Ọ̀rẹ́ àti ilé-iṣẹ́ tó ń fowó sílẹ̀ ló gbé Nigerian Open dúró, kò ní ilé tirẹ̀. Ọdún tí ẹni tó ń fowó sílẹ̀ bá ti sọ pé ó rẹ òun, ìdíje á sinmi. Orúkọ rẹ̀ ṣì máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìdíje tó sinmi lọ́dún méjì ti sọ ọjọ́ rẹ̀ nù nínú kàlẹ́ńdà ayé, ẹlòmíràn á ti jókòó síbẹ̀. Kẹ́ńyà kò jẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀. Ní 1991 ni wọ́n so ìdíje wọn mọ́ Challenge Tour, ìtẹ̀sẹ̀ kejì lábẹ́ European Tour. Ó dà bí ẹni pé wọ́n rẹ ara wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀dọ́ tó dáńgájíá máa wá síbẹ̀: Trevor Immelman gbà á ní 2000, ó gba Masters ní 2008. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìdíje náà lọ, ìjọba rí i bí ohun tó ń pe àlejò wá, wọ́n sì ń ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn pró àti ọ̀dọ́ ilẹ̀ wọn. Ní 2019, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, wọ́n gòkè sí European Tour gan-an. Sùúrù ni wọ́n fi ṣe é. Mi ò sọ pé wọn kò ní àléébù. Mo ti sọ fún ọ pé àwọn ọmọ wọn kò tí ì gba ife náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ru àpò ní Nairobi mọ̀ pé lọ́dọọdún, ní pápá tó lè fẹsẹ̀ rìn dé, ẹ̀nu ọ̀nà kan máa ṣí. Ti Ìbàdàn kò ní irú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mi ò lè ti ibí yìí mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí, mi ò tí ì rí i kó gbé igi sókè. Ọ̀pọ̀ pró tí a ní ní Nàìjíríà, ìdí àpò ni wọ́n ti dìde, nítorí náà kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó mọ bí owó ṣe ń wọlé nínú iṣẹ́ yìí. Nínú ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn ọjọ́ kejì ni wọ́n sábà máa ń gé àwọn tó gbẹ̀yìn kúrò, bíi ìdajì, wọ́n á sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ti san owó mọ́tò, owó ibi tí wọ́n sùn, owó bọ́ọ̀lù àti owó kádì. West Africa Golf Tour wà tó ń kó àwọn pró ilẹ̀ wa àti ti Gánà pọ̀, ó sì dára kó wo ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jẹ nínú rẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn pró tí mo mọ̀ tí wọ́n kọ́lé, kíkọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní gọ́ọ̀fù ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìyẹn ń fẹ́ ẹnu tó já geere, ó ń fẹ́ kí ènìyàn ka ìwé òfin gọ́ọ̀fù kó yé e, ó ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí.

Nítorí náà, ohun tí mo tako pátápátá ni pé kó fi ilé ìwé sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òbí nìkan ni mò ń sọ. Yunifásítì Amẹ́ríkà ń fún ọmọ tó mọ gọ́ọ̀fù gbá ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀nà tó dára jù nìyẹn tí mo mọ̀ fún ọmọ tálákà tó fẹ́ gbá lórí koríko gidi lójoojúmọ́ lábẹ́ olùkọ́. Wọn kì í gba ẹni tí kò parí girama, wọn kì í sì í gba ẹni tó ti pe ara rẹ̀ ní pró. Bó bá kánjú gba orúkọ yẹn ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nítorí ẹgbẹ̀rún díẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ara rẹ̀ lójú. Kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó kánjú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022, òfin gbà kí ẹni tí kì í ṣe pró gba ẹ̀bùn, owó pàápàá, tí kò bá ti ju 1,000 dọ́là lọ. Ọ̀pọ̀ pró níbí kò mọ̀ pé òfin ti yí padà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti àwọn ọmọ síwájú kí ọjọ́ wọn tó pé. Ewu kan wà lọ́nà tèmi náà: ilé ìwé lọ́hùn-ún kì í gbà púpọ̀, fọ́ọ̀mù àti físà ń náni lówó, ó sì lè má bọ́ sí i. Bí kò bá bọ́ sí i, ó ti ní ìwé ẹ̀rí girama lọ́wọ́ ná, igi gọ́ọ̀fù rẹ̀ kò sì ní sá lọ.

Jẹ́ kó ṣe èyí fún mi. Kó gbá ráúndì ogún, kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa. Láti ẹ̀yìn pátápátá ni kó ti máa bẹ̀rẹ̀, ibi tí àwọn pró ti ń gbá. Kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní ìgbá kékeré ìkẹyìn lọ́fẹ̀ẹ́. Kó gbá a títí á fi ró nínú ihò. Orí koríko ni kó ti ṣe é, kì í ṣe orí bráọ́ǹsì, nítorí ohun tí mo ti ṣàlàyé. Kó kọ iye ìgbà tó fi gbá a lójú ihò nìkan sí apá ọ̀tọ̀, nítorí ibẹ̀ ni irọ́ máa ń tú. Nígbà tó bá pé ogún, kí ẹ jọ mú ìwé náà wá bá mi, èmi á wò ó, èmi á sì sọ ohun tí mo rí fún un lójú rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ wo inú àpótí bàbá rẹ. Wọ́n máa ń fún kádì ní aṣọ ìlékè tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn nígbà ìdíje ńlá, wọ́n sì máa ń ya fọ́tò wọn pẹ̀lú pró tí wọ́n bá ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tọ́jú rẹ̀ sí ìdí àpótí pẹ̀lú ìwé ilẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó o tàbí kó dà á nù. Mú un dání. Mo fẹ́ ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì fẹ́ kí àbúrò rẹ wọ̀ ọ́ wò.